Kọ̀ǹpútà Tí Kẹ́hìndé Gbà Lẹ́bùn

Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà náà kò bá nọ́ńbà inú ìwé mu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, ọ̀gá mi sì ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kẹrin. Kò sí àṣìkà níbẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ọlọ́mọ.

“Ọmọ yìí ò purọ́ nígbà náà,” ni Ràhmọ̀t Búrẹ́mọ̀ wí.

Ìsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ni Ràhmọ̀t, ọmọ Lánlátẹ̀, èmi Bámiṣẹ́ sì ni kọ́púrà tó ń tẹ̀ lé e kiri. Bí mo ṣe ń pè é ní “ó” nínú ìtàn yìí, ẹ má sọ fún un. Lójú rẹ̀, “wọ́n” ni. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló sì máa ń tọ̀nà.

Ọmọ tó jókòó níwájú wa pẹ̀lú bàbá rẹ̀ ni Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó gba ipò kìíní nínú ìdíje ìṣirò tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìbàràpá kan lókè òkun ṣe fún àwọn ilé ìwé, wọ́n sì fún un ní láptọ́ọ̀pù, irú èyí tó fẹ́lẹ́, tí ojú rẹ̀ ń ká lọ sẹ́yìn pátápátá títí yóò fi dà bíi wàláà ọmọ iléekéwú. Ẹgbẹ́ náà kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ sínú ìwé tí wọ́n fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Godwin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí gáréèjì Igbó-Ọrà, pé kó bá wọn gbé àwọn ètò míì tí ọmọ nílò sórí rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Ìyá ọmọ ló lọ gbà á.

“Kí lo rí tó o fi mọ̀ pé kì í ṣe tìẹ?” ni ọ̀gá mi bi í.

“Ètò tí mo fi ń ya àwòrán ilé ò ṣí mọ́, ma. Á máa yí bírí-bírí, á wá kú. Tèmi máa ń ṣí i kíá. Àti pé tèmi máa ń dún wúù wẹ́rẹ́ bó bá ń ṣiṣẹ́. Èyí ò dún rárá.”

“O sọ fún ìyá rẹ?”

“Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ohun tí wọ́n bá di ẹrù lé ló ń wúwo, pé àwọn ètò tí wọ́n gbé sórí rẹ̀ ló ń fà á.”

Bàbá rẹ̀, Fàtáì, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù gbé gbágùúdá lọ sókè Ọya, kò gba ìyẹn gbọ́. Ọjọ́ Sátidé ló dé láti ìrìn àjò, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ Ajé, gbogbo gáréèjì ti gbọ́ pé Godwin jí ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀. “Ìyàwó mi ò ní purọ́ mọ́ ọn,” ni Fàtáì wí fún wa. “Ohun tí Godwin fi lé e lọ́wọ́ ló gbé wálé.”

Èmi ti dá ẹjọ́ náà tán nínú mi. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi lójú ọ̀nà. Ó ní, “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwọ ò sì tíì dàgbà tó yẹn.”

*

Àgádágodo méjì la bá lẹ́nu sọ́ọ̀bù Godwin. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onísọ́ọ̀bù ló fi èkejì kọ́ ọ, wọ́n sì fún un di ọjọ́ Jímọ̀: kó gbé kọ̀ǹpútà ọmọ jáde, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Ìṣẹ́gun la wà yìí. Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó dojú kọ ilẹ̀kùn ara rẹ̀.

Ọmọ Bẹ́núè ni, ṣùgbọ́n ọdún méjìlá ló ti lò ní Igbó-Ọrà. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀ Purity, ibẹ̀ ló bímọ sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní Ìbàdàn lọ.

“Godwin, ṣé ìwọ lo yọ inú ẹ̀rọ yìí?”

Godwin dìde. Ó yọ sukudíráífà kékeré lápò, ó gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ mi, ó sì tú ẹ̀yìn rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀.

“Màdáámù, ẹ wò ó. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ rèé. Wọ́n fi òjé jó o mọ́ pátákó inú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni. Ibi tó ń kó iṣẹ́ pa mọ́ sí rèé, òun náà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa yọ wọ́n ní gáréèjì yìí tí ẹ̀rọ á tún jí. Àwọn tó fẹ́lẹ́ báyìí, bí wọ́n bá ṣe wá ni wọ́n á wà títí wọn á fi kú. Ohun tí èèyàn fi ń ra fífẹ́lẹ́ wọn nìyẹn.”

“Wọ́n pààrọ̀ odindi rẹ̀ nígbà náà.”

“Odindi ni. Èyí tí mo fún Ìyá Ìbejì ní fáànù nínú. Èyí ò ní.”

Mo ní, “Ẹni tó lè pààrọ̀ odindi lè jẹ́ ìwọ náà.”

“Ó lè jẹ́ èmi,” ni Godwin wí, kò bínú. “Ó lè jẹ́ ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi àgádágodo ti sọ́ọ̀bù ìyá ọmọ.”

Ojú tì mí díẹ̀. Ọ̀gá mi kò tiẹ̀ gbọ́ wa. Ó ti gbé kọ̀ǹpútà náà sójú, ó ń fi èékánná họ ibi tí ojú ẹ̀rọ ti so mọ́ ìdí rẹ̀. Ọ̀rá tín-ín-rín kan lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ tuntun kó má bàa ha. Ó fọwọ́ pa á padà síbẹ̀.

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá mi pé ká lọ wádìí Àkíbù, mo sì yangàn díẹ̀. Àkíbù ló ni sọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé ti Godwin, ó ń ta fóònù àlòkù, Godwin sì máa ń fi ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ sọ́ọ̀bù tirẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí ìyá Kẹ́hìndé gba ẹ̀rọ, Àkíbù gbé àwòrán láptọ́ọ̀pù kan sórí Wáàsáàpù rẹ̀: “Ó mọ́ tónítóní. Ẹ tètè wá.” Purity, ìyàwó Godwin, ló fi hàn mí.

“Níbo lo ti rí i?” ni mo bi Àkíbù.

“Ẹ̀gbọ́n mi ní Ayétẹ̀ ló ní kí n bá òun tà á. Ó ṣì wà ńbí. Ẹ gbé e wò.”

Mo gbé e. Apá mi sọ̀ kalẹ̀. Ó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, nígbà tí Àkíbù sì tan án, fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ìlọta.

“Ká ojú rẹ̀ sẹ́yìn ká wò ó,” ni ọ̀gá mi sọ fún un.

“Eléyìí kì í ká, Màdáámù. Bí mo bá ká a, ó ti di méjì nìyẹn.”

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀nà ilé, ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ń ta tuntun ní Èrúwà, torí pé ó ti tó ọdún kan tí òun náà ti fẹ́ ra ọ̀kan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ. Inú bí mi nítorí Godwin.

*

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, a wọ aṣọ ilé lọ sí Èrúwà. Sọ́ọ̀bù ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Babáfẹ́mi, ẹnì kan ṣoṣo tó ń ta kọ̀ǹpútà tuntun níbẹ̀, la wọ̀. Ọ̀gá mi ní òun fẹ́ èyí tó fẹ́lẹ́, tó ń ká. Babáfẹ́mi gbé méjì sílẹ̀, àwọ̀ kan náà, ìtóbi kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan jọ èyí tó wà lọ́fíìsì wa bí ẹni pé wọ́n gbé e tẹ̀ lé wa.

“Ọmọ ìyá ni wọ́n,” ni Babáfẹ́mi wí, “ṣùgbọ́n orí wọn ò pé bákan náà.”

“Sọ ti èyí tó pọ́ọ́kú fún mi. Má tà á fún mi, sọ òótọ́ rẹ̀ ni.”

“Ó fúyẹ́, ma. Ẹ lè ki í sínú báàgì kẹ́ ẹ gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárọ̀, ó lè gbé yín dé ìrọ̀lẹ́. Kò ní fáànù, kò ní pariwo. Ẹ lè ká a, ẹ lè gbé e dúró bí òrùlé kẹ́ ẹ máa wo wáàsí.”

“Kí ló bù ú kù?”

“Tẹ́ ẹ bá ṣí nǹkan mẹ́ta pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Àyè inú rẹ̀ kéré, kì í sì í ṣe ohun téèyàn lè fi kún. Nínú oòrùn, ojú yín lẹ máa rí, ẹ ò ní rí ìwé. Ihò tẹ́ ẹ máa ki nǹkan sí, méjì péré.”

“Èkejì ńkọ́?”

“Ó wúwo díẹ̀. Ó máa ń gbóná lórí itan. Bátìrì rẹ̀ ò ní dé ìyálẹ̀ta ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lò ó dáadáa. Àmọ́ kò síṣẹ́ tẹ́ ẹ máa gbé fún un tó máa kọ̀.”

“Tó o bá wà nípò mi ńkọ́?”

“Ta ló máa lò ó? Ìyẹn ni màá kọ́kọ́ bi yín. Ẹni tó fẹ́ kàwé, tó fẹ́ kọ lẹ́tà, kékeré yìí tó o, ẹ má fowó ṣòfò. Ẹni tó fẹ́ yàwòrán ilé, ẹ má rà á fún un, ẹ̀ ń fìyà jẹ ẹ́ ni.”

Ọ̀gá mi fi ọwọ́ kan èyí tó dára, ó fi ọwọ́ kan èyí tó pọ́ọ́kú. “Báwo ni owó wọn ṣe jìnnà síra?”

“Owó ọ̀kan nínú èyí tó dára yìí á ra méjì nínú kékeré yẹn.”

“Méjì,” ni ọ̀gá mi wí.

“Méjì géérégé, ma.”

Ó dúpẹ́, ó ní òun ń lọ ronú, ó sì jáde. Mo bá a níta. Mo ní kí ló dé tí kò bi ọkùnrin náà bóyá ẹnì kan wá pààrọ̀ ẹ̀rọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ọkùnrin náà ló bá ẹnì kan pààrọ̀ rẹ̀, yóò ti fi fóònù pe ẹni náà kí á tó dé ìdí mọ́tò wa.

“Bámiṣẹ́, gbọ́. Ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n gbé fún ọmọ yẹn. Tuntun ni. Olè wo ló ń ra tuntun fi dípò ohun tó jí?”

“Olè tí ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀.”

“Olè tí ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ á gbé èyí tó ti bàjẹ́ síbẹ̀, á ní ó kú fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣe èyí fẹ́ kí ọmọ náà ṣì ní kọ̀ǹpútà. Ó wá àwọ̀ rẹ̀, ó wá èyí tó ń ká bíi tàkọ́kọ́. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà ni. Owó ọ̀kan ló fi ra méjì. Ta ló ni èkejì?”

Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi.

“Kí lorúkọ ọmọ náà?”

“Kẹ́hìndé.”

“Ta ló ṣáájú rẹ̀ wáyé?”

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń pe obìnrin yẹn ní Ìyá Ìbejì, tí mò ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ní Igbó-Ọrà, bí o bá pe Ìyá Ìbejì lójú títì, obìnrin márùn-ún á dá ẹ lóhùn, ẹ̀kẹfà á rán ọmọ sí ẹ. Orúkọ náà ti pọ̀ lẹ́nu wa débi pé kò sẹ́nì kankan nínú wa tó béèrè pé Táyé dà.

*

Ọmọ ilé ìwé kan tó mọ ìdílé náà ló sọ fún wa pé Táyé wà ní Ayétẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá bàbá wọn, tó ṣubú lódò ní ọdún tó kọjá tí kò lè dá rìn mọ́. A gba Ìdèrè kọjá, a sì dé ibẹ̀ kí wọ́n tó kírun ọ̀sán.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà náà fẹ̀yìn ti ògiri lórí ẹní. Kọ̀ǹpútà kan wà níwájú rẹ̀, wọ́n ká a bí òrùlé, wọ́n gbé ojú rẹ̀ sí i, àlùfáà kan sì ń ṣe wáàsí nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó jáde wá kí wa, díẹ̀ ló kù kí n pè é ní Kẹ́hìndé.

“Ẹ̀rọ yín dára,” ni ọ̀gá mi wí.

“Ẹ ṣé, ma. Mọ́mì ló gbé e wá. Wọ́n ní bí Kẹ́hìndé ṣe gba tiẹ̀ kí n gba tèmi.” Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Wọ́n ní kí n má tíì sọ fún Dádì. Mi ò mọ ìdí rẹ̀.”

“Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?”

“Ìyá àgbà ló ń lò ó jù. Èmi máa ń fi kàwé bí wọ́n bá sùn. Ó ti tó mi.”

Ọ̀gá mi wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, èmi sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹyọ kan péré ló fi ju ti ẹ̀rọ Kẹ́hìndé tó wà lọ́fíìsì wa lọ.

*

Télọ̀ ni Làtíífàt, ìyá àwọn ọmọ náà. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ń rán aṣọ ọmọdé nígbà tí a wọlé. Ọ̀gá mi fa àga, ó jókòó, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì bi í.

“Ìyá Ìbejì, nígbà tí Kẹ́hìndé gba kọ̀ǹpútà, kí ni Táyé gbà?”

Ẹsẹ̀ Làtíífàt kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Ẹ ti dé Ayétẹ̀.”

“A ti débẹ̀.”

“Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, bàtà Kẹ́hìndé já, bàbá wọn sì ra òmíràn fún un, ẹyọ tirẹ̀ nìkan. Táyé ò sunkún o. Àìsàn ló fi dáhùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò lọ́sibítù. Bàbá wọn ní ibà ni, ó ní kí n yéé hùwà kèfèrí, pé Mùsùlùmí ni wá. Ó lè jẹ́ ibà lóòótọ́. Èmi ni mo gbé e lẹ́yìn. Èmi ni ọmọ ń gbóná sí lára.” Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń rán. “Táyé ló yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti lọ tọ́jú ìyá bàbá wọn. Ṣé kí n wá rán iṣẹ́ sí i pé èkejì rẹ̀ ti gba kọ̀ǹpútà, pé òun ò ní gba nǹkan kan? Bí mo ṣe gbà á lọ́wọ́ Godwin, Èrúwà ni mo gbé e lọ tààrà. Ọ̀gbẹ́ni Babáfẹ́mi ló bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n jọra.”

“Ẹ ò mú owó rẹ̀ jẹ?”

“Mi ò mú kọ́bọ̀ kan.”

“Mo gbà yín gbọ́. Ẹ gbọ́ pé wọ́n ti fi àgádágodo ti sọ́ọ̀bù Godwin?”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ sì dákẹ́.”

“Bàbá wọn ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀, kì í ṣe èmi. Bí mo bá sọ òótọ́, bàbá wọn á mọ ohun tí mo ṣe. Mo ń retí kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀.”

“Ọ̀la ló máa rọlẹ̀. Ọ̀la ni Godwin ń kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ.” Ọ̀gá mi dìde. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n mo rí i pé inú ń bí i gidigidi. “Ẹ̀bùn ọmọ yín tẹ́ ẹ pààrọ̀, ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ jọ máa sọ ọ́. Orúkọ tẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọkùnrin yẹn, ìta gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́, ìta gbangba lẹ ti máa gbà á padà. Ẹ wọ bàtà yín.”

*

Kò ju wákàtí kan lọ tí èrò fi kún iwájú sọ́ọ̀bù náà. Fàtáì wà níbẹ̀ pẹ̀lú Kẹ́hìndé. Alága ẹgbẹ́ onísọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀. Làtíífàt dúró láàárín wọn, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi nǹkan kan bò. Nígbà tó dórí bàtà ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, Fàtáì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Làtíífàt wá kúnlẹ̀ níwájú Godwin nínú iyẹ̀pẹ̀.

“Ẹ dìde, Mama,” ni Godwin wí. “Ọjọ́ Ajé, mo wò yín lójú níbí. Mo ní, Mama, ẹ ṣáà mọ èyí tí mo fún yín. Ẹ wolẹ̀.”

“Mo wolẹ̀,” ni Làtíífàt wí.

Alága ṣí àgádágodo ẹgbẹ́, ó fi í sápò. Àwọn kan ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwọn kan ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Godwin ò lè ṣe é, àwọn yẹn ni mo sì fẹ́ gbá létí, torí mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jọ́ Ajé. Èmi náà kò sì yàtọ̀ sí wọn. Mo bẹ Godwin. Ó ní kò burú.

Ọ̀gá mi ti pe Babáfẹ́mi lórí fóònù. Ẹ̀rọ tí ìyá Kẹ́hìndé gbé fún un ti lọ, ó ti tà á fún ẹnì kan láti Abẹ́òkúta. Kẹ́hìndé gbọ́. Nígbà tí èrò túká, ó gba kọ̀ǹpútà kékeré náà lọ́wọ́ mi, ó wọ inú sọ́ọ̀bù tọ Godwin lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé nǹkan kan wà tẹ́ ẹ lè ṣe sí i, kí n lè máa yàwòrán mi?”

Godwin tan ẹ̀rọ náà, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. “Ètò tuntun yẹn ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ̀dà kan wà tó ti pẹ́, tó fúyẹ́. Màá yọ àwọn tí kò wúlò kúrò, màá fi ìyẹn sí i. Kò ní yá bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wàá rí iṣẹ́ ṣe.”

“Ẹ ṣé, sà. Màá fi í sílẹ̀, màá padà wá gbà á tó bá dalẹ́.”

“Rárá.” Godwin fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, níbi tí ọmọ náà á ti máa rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí inú. “Jókòó síbí. Kò sẹ́ni tó máa fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi mọ́.”

Kẹ́hìndé wo ìyá rẹ̀ tó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jókòó.